ÌṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: ÀMÌ TA NI Ó WÀ LÁRA RẸ?

   Ẹ̀kọ́ òní gùn díẹ̀. Bí ẹ bá ń múra àtilọ síbi iṣẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ kà á nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

*Bíbélì kíkà:* Léfítíkù 19:26-37; Aísáyà 49:13-16; Gálátíà 6:11-17. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fúnra yín, kí ẹ kà á pẹ̀lú ẹ̀kọ́ yìí.

*Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí wá*

Ọ̀rọ̀ fínfín ara, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní táàtù, ti dé inú ilé wa. Ọmọ lọ sí yunifásítì, tàbí ó lọ sin ìjọba, nígbà tó máa fi padà wálé, orúkọ ìyá rẹ̀ ti wà ní apá, tàbí àgbélébùú kékeré ti wà lẹ́yìn ọrùn. Òmíràn á máa wọ aṣọ alápá gígùn nínú oòrùn ọ̀sán kí bàbá má baà rí i. Ọjọ́ tí bàbá bá wá rí i, ilé gbóná nìyẹn. Àwọn kan nínú ìjọ á ní ọmọ náà ti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Kò ní pẹ́ tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò fi ní wá sí ìsìn mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo iwájú ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa. Màmá àgbà tó máa ń jókòó síbẹ̀, àbàjà wà lójú wọn. Bàbá tó ń gba ọrẹ, pélé ni tiwọn. Kò sí ẹni tó lé wọn rí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lé wọn. Kí wá ni ìyàtọ̀? Ṣé ti àgbà ni àṣà, ti ọmọdé wá ni ẹ̀ṣẹ̀? Ìbéèrè gidi nìyẹn, àwọn ọmọ wa sì ń bi wá. Bí a bá dá wọn lóhùn pẹ̀lú ariwo nìkan, wọ́n á mọ̀ pé a ò ní ìdáhùn.

*1. Àmì máa ń sọ̀rọ̀*

Àwọn baba wa kò kàn ń kọ ilà fún eré. Samuel Johnson, àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà tó sìn ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá jáde ní ọdún 1921, dárúkọ ọ̀pọ̀ nínú ilà wọ̀nyí: àbàjà, kẹ́kẹ́, gọ̀ǹbọ́, túrè, pélé àti àwọn mìíràn. Ó ṣàlàyé pé wọ́n fi ń mọ ìdílé kan yàtọ̀ sí èkejì ni. Àbàjà máa ń dùbúlẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́. Pélé máa ń dúró ní òòró. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, tó bá ti wo ojú rẹ, á mọ ilé tí o ti wá kí o tó la ẹnu.

Olóòlà ló ń fi abẹ kọ ọ́, ọmọdé ló sì ń jẹ ìrora rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní, tìrora là ń kọlà, bó bá jinná tán, a doge.

Ilà nìkan kọ́ la ní. Àwọn obìnrin ń kọ kóló sára, wọ́n ń fi dúdú sí ojú abẹ náà kó lè hàn, kí wọ́n fi ṣoge, kí wọ́n sì fi hàn pé àwọn láyà láti fara da ìrora. Wọ́n ń fi oje bùjé ya ara, bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́, á ṣí. Làálì náà ń bẹ, tí àwọn ìyàwó ń fi sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, òun náà á ṣí. Gbẹ́rẹ́ sì wà, tí wọ́n ń sín sí ara, tí wọ́n ń ra oògùn sí lójú. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àjèjì ni fífi àmì sí ara nílẹ̀ Yorùbá kò tíì bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ léèrè.

Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ kò dọ́gba. Ilà ń sọ pé, “Ọmọ lágbájá ni mí.” Kóló ń sọ pé, “Mo rẹwà, mo sì láyà.” Gbẹ́rẹ́ ń sọ pé, “Agbára kan ń ṣọ́ mi.” Ọjà kan náà ni abẹ wọn ti wá, ọ̀nà wọn ò jọra.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Láti àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì ni ọ̀rọ̀ táàtù fúnra rẹ̀ ti wá. “Tatau” ni wọ́n ń pè é ní Tahiti àti Samoa, àwọn atukọ̀ Captain Cook tó dé Tahiti ní ọdún 1769 sì gbé ọ̀rọ̀ náà padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní New Zealand, àwọn Maori ní àmì ojú tí wọ́n ń pè ní “moko”, tó ń sọ ìran àti ipò ẹni, bí ilà tiwa gẹ́lẹ́.

Àwọn Kristẹni pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Íjíbítì, àwọn ọmọ Ìjọ Coptic ti ń fín àgbélébùú kékeré sí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún wọn láti ìgbà pípẹ́. Àwọn òbí mìíràn ń ṣe é fún ọmọ wọn láti kékeré. Níbi tí Kristẹni ti kéré níye, tí wọ́n sì ti jìyà nítorí ìgbàgbọ́ wọn, àmì yẹn ń sọ fún ayé pé, “Ti Jésù ni mí, mi ò sì ní sẹ́ ẹ.” Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ṣé ẹ ó pè é ní ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn?

*2. Ta ló fi àmì náà síbẹ̀?*

Àmì tó ń sọ pé “tiwa ni ọ́” lè bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá. Nígbà òwò ẹrú, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa lọ sí Brazil. Nígbà tí ẹrú kan bá sá lọ, ọ̀gá rẹ̀ á polówó nínú ìwé ìròyìn, á júwe ilà tó wà lójú ẹni náà kí àwọn ènìyàn lè bá a mú un. Ẹ rò ó wò. Ilà tí bàbá kọ sí ojú ọmọ kó má baà sọnù nínú ẹbí rẹ̀ ni wọ́n tún fi ń dọdẹ rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè. Àwọn oníṣòwò ẹrú tún ń fi irin gbígbóná sàmì sí ara àwọn tí wọ́n rà, bí ẹni ń sàmì sí màlúù.

Ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, láàrin ọdún 1941 sí 1945, ìjọba Hitler ń fín nọ́ńbà sí ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n ní Auschwitz, àgọ́ ikú tí wọ́n kọ́ sílẹ̀ Poland. Apá òsì ni ọ̀pọ̀ jù lọ gba tiwọn. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò pe ènìyàn ní orúkọ mọ́, nọ́ńbà ni. Júù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn tí Léfítíkù ti kọ́ láti kékeré pé kí wọ́n má fín ara. Wọn ò yan àmì náà. Nínú àwọn tó yè é, àwọn kan bò ó mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi kú, àwọn mìíràn sì ń ká apá aṣọ sókè kí ayé lè rí ohun tí ènìyàn ṣe sí ènìyàn.

Kí la rí kọ́? A ò lè wo àmì lásán ká sì dájọ́. Ìbéèrè méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀: Ta ló fi í síbẹ̀? Kí ló ń sọ pé ẹni náà jẹ́? Pọ́ọ̀lù mọ èyí. Ní ìparí lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn ará Gálátíà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọ òun lẹ́nu mọ́, nítorí àmì Jésù wà lára òun. Ọ̀rọ̀ tó lò lédè Gíríìkì ni wọ́n ń lò fún àmì tí ọ̀gá ń fi sí ara ẹrú. Pọ́ọ̀lù kò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fín ara o. Àpá pàṣán, àpá ọ̀pá àti òkò ló ń sọ (2 Kọ́ríńtì 11:24-25). Àwọn tó nà án rò pé àwọn ń bà á jẹ́ ni. Òun ka àpá náà, ó rí orúkọ Olúwa rẹ̀ níbẹ̀.

*3. Léfítíkù 19:28 ńkọ́?*

Ẹ jẹ́ ká má sá fún ẹsẹ yìí. Ọlọ́run sọ fún Ísírẹ́lì níbẹ̀ pé kí wọ́n má ya ara wọn lábẹ nítorí òkú, kí wọ́n má sì fín àmì sí ara. Ẹ wo ohun méjì tó so pọ̀: òkú àti àmì. Ísírẹ́lì ti kúrò ní Íjíbítì, wọ́n ń lọ sí Kénáánì, àwọn tó yí wọn ká sì ń ṣá ara wọn lábẹ láti ṣọ̀fọ̀ àti láti bọ òrìṣà. Ní 1 Ọba 18:28, a rí àwọn wòlíì Báálì tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ya ara wọn títí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn, kí òrìṣà wọn lè dáhùn. Kò dáhùn. Diutarónómì 14:1 tún ka ara yíya nítorí òkú léèwọ̀, ó sì sọ ìdí rẹ̀: ọmọ Ọlọ́run ni wọ́n.

Ọkàn òfin náà nìyẹn. Ara ọmọ Ọlọ́run kì í ṣe ibi tí ikú tàbí òrìṣà yóò fọwọ́ sí pé ti òun ni. Nítorí náà, nínú gbogbo àmì ilẹ̀ wa, gbẹ́rẹ́ tí a sín fún agbára ló sún mọ́ ohun tí ẹsẹ yìí ń bá wí jù. Àgbàlagbà tó lọ sín gbẹ́rẹ́ lóru, tó fi aṣọ bò ó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò yẹ kó máa sọ òkò sí ọmọ tó fín òdòdó sí apá. Ẹni tí wọ́n sín in fún ní kékeré, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, kó má bẹ̀rù. Ohun tí wọ́n ṣe láìbi í léèrè kò lágbára ju Ẹni tó fi tọkàntọkàn gbé ara rẹ̀ fún lọ.

Ohun kan tún wà. Orí kan náà ní ká dìde fún arúgbó (ẹsẹ 32), ká fẹ́ràn àlejò bí ara wa (ẹsẹ 33 àti 34), ká má lo òṣùwọ̀n èké (ẹsẹ 35 àti 36). Ẹni tó ń fi ẹsẹ 28 na ọmọ rẹ̀ ní pàṣán ní àárọ̀ Sunday, tó sì tún ń tẹ ìsàlẹ̀ kóńgò gaàrí wọnú ní ọjọ́ Monday, kó mọ̀ pé ẹsẹ 35 ń dúró dè é.

*4. Orúkọ tó wà ní àtẹ́lẹwọ́*

Nínú Aísáyà 49, Síónì ń sunkún pé Olúwa ti gbàgbé òun. Ọlọ́run fi ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú dá a lóhùn: ó lè ṣẹlẹ̀ kí irú ìyá bẹ́ẹ̀ gbàgbé, òun kò ní gbàgbé. Lẹ́yìn náà ló sọ pé òun ti kọ orúkọ Síónì sí àtẹ́lẹwọ́ òun, kí òun máa rí i.

Ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀, ọ̀gá ló ń fi àmì sí ara ẹrú. Ilé ló ń fi ilà sí ojú ọmọ. Ìjọba ló ń fín nọ́ńbà sí apá ẹlẹ́wọ̀n. Kò síbi tí ọ̀gá ti ń kọ orúkọ ìránṣẹ́ sí ara tirẹ̀. Ọlọ́run wa ni ó ṣe é. Nígbà tí Jésù sì jíǹde, ó lè pa àpá ìṣó náà rẹ́, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́. Òun ló fi han Tómásì (Jòhánù 20:27). Ara àjíǹde ní àpá.

Bó bá jẹ́ pé Ẹni tí à ń sìn ní àpá lọ́wọ́, ó yẹ ká ṣọ́ra kí a tó lé ẹnikẹ́ni nítorí ohun tó wà lára rẹ̀.

*5. Kí ni ká ṣe?*

_Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń ronú àtifín ara:_ Má kánjú. Kọ́kọ́ bi ara rẹ pé, “Kí ni àmì yìí yóò máa sọ pé mo jẹ́?” Bóyá orúkọ ẹni tí ẹ jọ ń fẹ́ra lo fẹ́ fín. Ṣé ọkọ tàbí aya tí o bá wá fẹ́ ni yóò máa kà á? Bóyá ẹgbẹ́ kan ló ní kí o fín in kí o tó lè di tiwọn. Ẹni tó ní kí o ta ẹ̀jẹ̀ kí o tó jẹ́ tirẹ̀ kò fẹ́ ọ.

Mọ̀ pẹ̀lú pé fínfín kì í ṣe bùjé. Abẹ́rẹ́ náà ń kọjá awọ òkè, ó ń gbé yíǹkì dé awọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara á sáré wá, wọ́n á gbé yíǹkì náà mì, wọn ò ní lè lé e jáde. Bí wọ́n bá kú, àwọn mìíràn á gbé e mì lẹ́yìn wọn. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣí. Ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń pa á rẹ́ ní ọsibítù ń gba owó, ó ń gba pé kéèyàn lọ kó bọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àpá sì lè ṣẹ́kù. Abẹ́rẹ́ tí wọn ò sè mọ́ lè gbé kòkòrò HIV àti àrùn mẹ́dọ̀wú tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wọlé. Bí ara rẹ bá sì jẹ́ irú èyí tí àpá máa ń wú sókè lórí rẹ̀, wàá gbà fún mi lọ́la. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o fi í sílẹ̀. Ara rẹ jẹ́ tẹ́ńpìlì, Ẹni tó ni ín sì ti san owó rẹ̀ (1 Kọ́ríńtì 6:19-20).

_Ìwọ tó ti fín in:_ Má sá fún ilé Ọlọ́run. Kò sí yíǹkì tó le ju ẹ̀jẹ̀ Jésù lọ. Bó bá jẹ́ orúkọ ìyá rẹ tó kú lo fín, a ò bá ọ jà. Ọ̀fọ̀ ni, a mọ̀ pé ó dùn ọ́. Ohun tí Ọlọ́run ń sọ fún ọ ni pé kí o má dá gbé ọ̀fọ̀ náà sí awọ ara rẹ. Gbé e wá sọ́dọ̀ rẹ̀, kí o sì jẹ́ ká bá ọ gbé e. Bó bá sì jẹ́ àmì ẹgbẹ́ búburú, wá bá pásítọ̀ tàbí àgbà tí o fọkàn tán. Bó o tiẹ̀ ní in lára, o lè má jẹ́ tiwọn mọ́.

_Ẹ̀yin òbí:_ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 ti kà á léèwọ̀, ní abala 24, pé kí ẹnikẹ́ni fín táàtù tàbí kọ ilà sí ara ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ó ka méjèèjì pọ̀. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦5,000, ó sì lè di ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Nítorí náà, bí ìyá àgbà bá ní kí ẹ gbé ọmọ wá kí wọ́n kọ pélé fún un, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé orúkọ àti oríkì tí wọ́n fún un ti tó láti mọ̀ ọ́n ní ọmọ ilé. Kí wọ́n máa ki í lárààárọ̀, ilà tí kì í dunni nìyẹn.

Bí ọmọ yín tó ti dàgbà bá sì fín ara wálé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èpè. Ẹ pè é jókòó, ẹ bi í pé, “Ọmọ mi, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?” Kí ẹ sì dákẹ́ kó dáhùn. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò rí ẹnu sọ fún yín láti ọdún mẹ́ta ló fín sí apá. Bí ẹ bá lé e, ẹlòmíràn wà níta tó ṣe tán láti sọ fún un pé, “Tiwa ni ọ́.”

_Ẹ̀yin ìjọ:_ Ẹ rántí 1 Sámúẹ́lì 16:7. Ènìyàn ń wo ojú, Olúwa ń wo ọkàn. Màmá tó ní àbàjà àti ọmọ tó ní táàtù, ìjókòó kan náà ni wọ́n ń jókòó sí, àánú kan náà ni wọ́n ń jẹ.

*Iṣẹ́ òní:* Ronú kan ẹnì kan tí kò wá sí ìsìn mọ́ nítorí ohun tí a sọ nípa ìrísí rẹ̀. Pè é lórí fóònù lónìí. Má wàásù fún un. Kí i, béèrè àlàáfíà rẹ̀, sọ fún un pé àyè rẹ̀ ṣì ń bẹ.

*Àdúrà:* Olúwa, a dúpẹ́ pé orúkọ wa wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Àmì èyíkéyìí tí ọ̀tá fi sí wa lára, tàbí tí a fi ọwọ́ ara wa fi síbẹ̀, má jẹ́ kí ó ní agbára lórí wa mọ́. Kọ́ àwọn òbí wa ní sùúrù. Mú àwọn ọmọ wa tó ti jìnnà padà wálé. Fún wa ní ojú tó ń rí ènìyàn kí ó tó rí àpá. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ yín yóò dára o. Bí ẹ bá mọ òbí tàbí ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Ó dọ̀la láàárọ̀, bí Olúwa bá fẹ́.